Ṣé ó yẹ kí ìjọba máa náwó lé iṣẹ́ ọnà lórí?

Ọmọ Mọ̀rẹ̀: Lánàá mo yà sílé bàbá onílù kan níbí ní Ifẹ̀. Igi ọ̀mọ̀ márùn-ún tí wọ́n ti gbẹ́ tán wà nílẹ̀, awọ ò sí lórí ìkankan. Bàbá ní owó awọ ewúrẹ́ ti ju owó tí oníbàárà ń dá lọ. Èwo wá ni ti oníṣẹ́ ọnà nínú ìsúná ìjọba Ọ̀ṣun?

Tíṣà Ìlàrè: Èmi tí mo fẹ̀yìn tì, tí mò ń wojú ọ̀nà owó mi, kí wọ́n gbé e fún onílù? O ṣeun, ọmọ mi.

Ìyá Aláàdìrẹ: Bàbá Tíṣà, ẹ má bínú o. Kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n fọwọ́ kan owó yín. Omi ni ìṣòro tiwa. Aṣọ tó bá jáde nínú aró, a ó ṣàn án títí omi rẹ̀ á fi mọ́, garawa lórí garawa, a sì ń rà á ni. Bí wọ́n bá gbẹ́ kànga kan ṣoṣo síbi tí a ti ń rẹ aṣọ, mi ò bèèrè kọ́bọ̀.

Ẹlẹ́nu Ilódè: Onílù tó ń jẹun ní àgbàlá gómìnà, ṣé ó lè fìlù bú u? Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa wá oúnjẹ wọn kiri.

Ọmọ Mọ̀rẹ̀: Ẹ̀gbọ́n, ẹ rántí Orí Olókun. Lọ́dún 1968, Yunifásítì Ifẹ̀ ìgbà yẹn dá ibùdó iṣẹ́ ọnà yẹn sílẹ̀ ní Arùbídì, láàárín ìlú gan-an, kì í ṣe inú ọgbà wọn. Ibẹ̀ ni Ọlá Rótìmí ti kọ́kọ́ gbé eré orí ìtàgé rẹ̀, *The Gods Are Not to Blame*, jáde. Owó ìjọba ni wọ́n fi dá yunifásítì sílẹ̀, síbẹ̀ ọba tó pa bàbá rẹ̀ láìmọ̀ ni eré náà dá lé. Oríkì gómìnà wo ló wà níbẹ̀? Ilé ni wọ́n fún wọn, wọn ò fún wọn lórin.

Ẹlẹ́nu Ilódè: Ilé, mo gbà. Àpò ìrẹsì ọjọ́ ìbò ni mi ò gbà.

Ìyá Aláàdìrẹ: Ta ló dárúkọ ìrẹsì? Kànga ni mo wí. Bàbá Tíṣà, ọwọ́ ìkọ̀wé yín dáa, ẹ bá wa kọ lẹ́tà sí kánsù.

Tíṣà Ìlàrè: N ó kọ ọ́. Ṣùgbọ́n n ó fi ti owó ìfẹ̀yìntì sísàlẹ̀ rẹ̀ o.