Kì í Ṣe Ìlú Casablanca Ni Wọ́n Ti Ya Fíìmù Casablanca

Bí ọ̀rọ̀ fíìmù ogun àti amí bá ti dé ọ̀dọ̀ Casablanca, kì í pẹ́ tí ẹnìkan yóò fi sọ pé ìlú Casablanca gan-an, ní ilẹ̀ Mòrókò, ni wọ́n ti yà á. Ọ̀rọ̀ náà kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Inú ọgbà Warner Bros. ní Burbank, ìpínlẹ̀ California, ni Michael Curtiz ti darí rẹ̀ láàárín oṣù Karùn-ún sí oṣù Kẹjọ ọdún 1942, àyàfi ibi tí ọkọ̀ òfurufú Strasser, ọ̀gá ológun Jámánì inú fíìmù náà, ti balẹ̀, èyí tí wọ́n yà ní pápákọ̀ Van Nuys nítòsí. Ta ni ìbá tilẹ̀ jẹ́ kí wọ́n wọ Mòrókò? Ìjọba Vichy, ìjọba Faransé tí ó ti gbà fún Jámánì, ló ń ṣàkóso ibẹ̀. Ọjọ́ 8 oṣù Kọkànlá ni àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà ṣẹ̀ṣẹ̀ gúnlẹ̀ síbẹ̀, nígbà tí ó ku ọjọ́ 18 péré kí wọ́n kọ́kọ́ gbé fíìmù náà jáde ní New York.

Mo mọ̀ pé Rick's Café kan, tí ó ń jẹ́ orúkọ ilé ọtí inú fíìmù náà, wà ní Casablanca lónìí, ṣùgbọ́n ọdún 2004 ni wọ́n ṣí i, fíìmù yìí ni wọ́n sì wò kọ́ ọ.

Ẹ tún ìran ìkẹyìn wò dáadáa. Ọkọ̀ òfurufú tí ó wà lẹ́yìn àwọn òṣèré kì í ṣe ojúlówó. Àfarawé kékeré ni, àwọn ènìyàn kúkúrú ni wọ́n sì fi ṣe òṣìṣẹ́ tí ń tọ́jú rẹ̀, kí ó lè tóbi lójú wa. Kùrukùru tí ó bo ilẹ̀ ló parí iṣẹ́ náà. Ọgbọ́n ọwọ́ gidi ni, n kò sì rí ìdí tí a ó fi gba ògo rẹ̀ lọ́wọ́ wọn fún ìlú tí wọn kò fẹsẹ̀ tẹ̀.

Ẹni tí ó bá ń wá ojúlówó, ojú àwọn òṣèré ni kí ó wò. Conrad Veidt, tí ó ṣe Strasser, ti kúrò ní Jámánì láti ọdún 1933. Madeleine Lebeau àti ọkọ rẹ̀, Marcel Dalio, tí ó ń darí tábìlì tẹ́tẹ́ nínú fíìmù náà, sá kúrò ní Paris ní 1940. Wọ́n gba Lisbon, ọ̀nà kan náà tí àwọn asásálà inú fíìmù ń wá lójú méjèèjì, físà Chile tí wọ́n rí gbà sì já sí ayédèrú. Nígbà tí gbogbo ilé ọtí dìde, tí wọ́n fi orin orílẹ̀-èdè Faransé bo orin àwọn ológun Jámánì mọ́lẹ̀, kámẹ́rà sún mọ́ Lebeau. Omijé kún ojú rẹ̀, ó sì ń kọrin lọ. Kò tíì pé ọmọ 20 ọdún, Paris tí ó fi sílẹ̀ sì ṣì wà lọ́wọ́ Jámánì lọ́jọ́ náà.