Ẹ má fi gbohùngbohùn kanlẹ̀kùn ọkàn ọlọ́fọ̀

Ẹ̀yin ará, inú ń bí mi láti ìdájí Sátidé, mo sì ti gbé e mì títí, kò lọ.

Aago márùn-ún kọjá díẹ̀ ni, ládùúgbò wa l'Ógbómọ̀ṣọ́ níbí. Ọmọkùnrin kan tí kò lè ju ọgbọ̀n ọdún lọ dúró síwájú ilé Ìyá Kékeré, àbúrò ìyá mi, ó gbé gbohùngbohùn sẹ́nu: "Ìwọ ìyá tó ò ń gbọ́ mi nínú ilé yìí, má sé ọkàn rẹ le mọ́!" Ó dájú pé ẹnì kan ló lọ sọ fún un pé ìyá náà kì í lọ ṣọ́ọ̀ṣì mọ́. Ìyá ẹni ọdún 68, olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó ti fẹ̀yìn tì, òun lọmọdé ń pè ní "ìwọ" létí gbogbo àdúgbò! Ẹ̀yìnkùlé ni Ìyá Kékeré wà, ó ń sẹ́ ògì. Kò gbójú sókè. Ọwọ́ rẹ̀ ò dúró nínú asẹ́ títí ọmọ náà fi pariwo tán tó bá tirẹ̀ lọ.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ wá nílé mọ ohun tó sé ọkàn náà. Ọdún kẹsàn-án rèé tí ọmọkùnrin rẹ̀ kan ṣoṣo kú, lẹ́yìn ààwẹ̀ ọlọ́jọ́ mọ́kànlélógún. Lọ́jọ́ kẹta ìsìnkú, aṣáájú kan nínú ìjọ jókòó tì í lórí ẹní, ó ní bóyá ìgbàgbọ́ rẹ̀ ni kò tó. Èmi náà wà níbẹ̀. Èmi náà ṣí Bíbélì, mo ka Róòmù 8:28 sí i létí, pé ohun gbogbo ló ń ṣiṣẹ́ pọ̀ sí rere. Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run ni mo kà, n kò purọ́. Ṣùgbọ́n erùpẹ̀ sàréè ọmọ rẹ̀ kò tíì gbẹ. Ó wò mí, ó ní, "O ṣeun, ọmọ mi." Ó wá dìde, ó mú Bíbélì tirẹ̀, ó fi ìborùn wé e, ó tì í sábẹ́ àpótí aṣọ.

Kẹ́nikẹ́ni má ka "ní àkókò tó wọ̀ àti àkókò tí kò wọ̀" sí mi létí o. Mo mọ̀ ọ́n. 2 Tímótì 4:2 ni. Ẹ kà á parí: ìpamọ́ra wà nínú ẹsẹ kan náà. Bẹ́ẹ̀ náà ni Ìsíkíẹ́lì 36, níbi tí Ọlọ́run ti sọ pé òun fúnra òun lòun máa mú ọkàn òkúta kúrò. Kò gbé òòlù fún ẹnikẹ́ni nínú wa. Àjàyí Crowther tí ó ṣíwájú iṣẹ́ ìtumọ̀ Bíbélì wa yìí, ọmọ Òṣogùn lápá Òkè Ògùn ni. 1821 ni wọ́n kó o lẹ́rú. 1846 ni òun àti Afala ìyá rẹ̀ tó tún fojú kanra, l'Ábẹ́òkúta. Ó ti di àlùfáà nígbà náà, síbẹ̀ ó di 1848 kí ìyá yẹn tó ṣèrìbọmi. Ìyá tó bí i lọ́mọ gba àkókò tirẹ̀. Kí ló wá ń kán wa lójú?

Ohun tó dùn mí jù ni pé ọkàn Ìyá Kékeré ti ń rọ̀. Ìyá Ìbejì, ará ilé kejì, ń kọ́ ìwé kíkà ní kíláàsì àwọn àgbà. Láti ìbẹ̀rẹ̀ òjò ọdún yìí ló ti ń gbé Bíbélì rẹ̀ wá sí ẹ̀yìnkùlé nírọ̀lẹ́, pé kí Tíṣà bá òun tún un ṣe. Kò wàásù rí. Ìwé ló wá kọ́. Ìyá Kékeré á máa sẹ́ ògì, á máa tún ọ̀rọ̀ ṣe láìwojú ìwé.

Ọjọ́ kan tí mo lọ kí wọn, Jòhánù 11 ni Ìyá Ìbejì dé. Ó kọsẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ kan. Ìyá Kékeré ní, "Ìbá-ṣe-pé. Ẹ tún un kà." Ó tún un kà: "Olúwa, ìbáṣepé ìwọ ti wà níhìn-ín, arákùnrin mi kì bá ti kú."

Ọwọ́ Ìyá Kékeré dúró nínú asẹ́. Omi ògì ń kán tó tó tó sínú abọ́.

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Màtá ni, mà."

"Jésù ló sọ ọ́ fún?"

"Òun ni, mà."

"Jésù wá bá a wí?"

"N ò tíì kà débẹ̀, mà."

"Ẹ máa kà á lọ."

Àwọn méjèèjì kà á títí dé ẹsẹ 35, níbi tí Jésù ti sọkún. Eèrí gbẹ mọ́ ọn lọ́wọ́, kò fọ̀ ọ́. Ìgbà tí mo tún padà lọ, Bíbélì inú ìborùn ti kúrò lábẹ́ àpótí, ó wà lórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn rẹ̀. N ò sọ nǹkan kan. Ẹ̀rù ni kò jẹ́ kí n sọ̀rọ̀. Àwa ọmọ Àjílété tí ń mùkọ yangan, ṣé a ò mọ̀ pé àgbàdo kì í rọ̀ lójijì ni? Ọjọ́ méjì, ọjọ́ mẹ́ta nínú omi, kẹ́nikẹ́ni tó gbé e lọ sẹ́nu ẹ̀rọ.

Lálẹ́ Sátidé yẹn, nígbà tí Ìyá Ìbejì dé pẹ̀lú ìwé rẹ̀, Ìyá Kékeré ní orí ń fọ́ òun. Bẹ́ẹ̀ náà ni lọ́jọ́ Sọ́ńdè. Bẹ́ẹ̀ náà ni lánàá.

Ó wù mí kí n lọ bẹ̀ ẹ́ nítorí Róòmù 8:28 ọjọ́sí. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti dé ẹnu géètì tí mo padà. N ò mọ̀ bóyá ẹ̀bẹ̀ mi gan-an ò ní dún bí ìwàásù mìíràn létí rẹ̀. Láàárọ̀ yìí mo rán ọmọ lọ ra ògì, mo ní kó sọ pé èmi ni mo rán an. Ọmọ náà ní òun sọ bẹ́ẹ̀. Ìyá Kékeré kò fèsì, ó kàn bu ògì náà fún un, ó sì fi èènì sí i, èyí tó pọ̀ tó ohun tí mo rà.