Ìsìn Ọ̀hún, Ìdúpẹ́ Ibí

Àwọn kan wà ní Àkúrẹ́ tó jẹ́ pé ìgbà tí wọ́n bá ń gba ọrẹ ni wọ́n ń dé ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ jẹ́ kí ọmọ wọn ránṣẹ́ pè wọ́n wá sí Lọ́ńdọ̀nù ná. Ọjọ́ Ìsinmi àkọ́kọ́ tí wọ́n bá lò níbẹ̀, ṣọ́ọ̀ṣì Westminster Abbey ni ẹ óò ti bá wọn, tàwọn ti gèlè lórí kóòtù òtútù.

Ibi ńlá ni lóòótọ́. Láti 1066 ni wọ́n ti ń dé ọba Gẹ̀ẹ́sì ládé níbẹ̀, títí dórí Charles ní 2023. Àmọ́ ẹni tó bá fẹ́ wo ilé náà bí àlejò, yóò sanwó. Ẹni tó bá lóun wá jọ́sìn, ọ̀fẹ́ ni. Ta ló máa gbọ́ ọ̀fẹ́ nínú wa tí ẹ̀mí àdúrà ò ní bà lé?

Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé wọn kì í jẹ́ kéèyàn ya fótò nígbà ìsìn. Akọrin ń kọrin, àlùfáà ń gbàdúrà, mọ̀mí wa ń fojú wá ibi tí iná ti mọ́lẹ̀ jù. Ó gba ẹ̀gbẹ́ sàréè Livingstone, òyìnbó ajíhìnrere tó wá sí Áfíríkà, kọjá, kò tilẹ̀ mọ̀. Bí wọ́n ṣe túká báyìí, ó di ẹnu ọ̀nà: ó kọjú sọ́tùn-ún, ó kọjú sósì, ó gbé Bíbélì sókè díẹ̀ kó má bo ìlẹ̀kẹ̀. Kò pẹ́, fótò ti dé orí WhatsApp gbogbo ẹgbẹ́ tó wà ní Ìjàpọ̀, Àkúrẹ́: "Nínú ilé Olúwa la wà o!" (Ìta lẹ wà, mọ̀mí. A rí bọ́ọ̀sì pupa lẹ́yìn yín.)

Àjàyí Crowther náà dé ṣọ́ọ̀ṣì òyìnbó. Ní Canterbury ni wọ́n ti fi í jẹ bíṣọ́ọ̀bù ní 1864. Iṣẹ́ Bíbélì ló tún padà wá bá; nígbà tó fi máa di 1884, òun àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti tú gbogbo rẹ̀ sí Yorùbá. Àwọn tiwa dé, ìsìn wa ni wọ́n ń tú wò.

"Ìlù yín ti pọ̀ jù." "Kí ni ìkéde ń pẹ́ fún?" "Lọ́hùn-ún, kò ní tó wákàtí kan tí wọ́n á ti ṣe tán." Àmín pàápàá, mọ̀mí ò pariwo ẹ̀ mọ́, ètè ló fi ń ṣe é.

Ìgbìmọ̀ ìjọ ní kò burú, àwọn á dín ìsìn kù. Ni bàbá ìjọ bá ní ìdúpẹ́ làwọn á kọ́kọ́ yọ.

"Ìdúpẹ́ wo, sà? Èmi tí mo ti pín aṣọ fún àwọn èèyàn!"

Wọ́n fi sílẹ̀ fún un. Lọ́jọ́ náà, ìdúpẹ́ ìrìn-àjò àlọ-àbọ̀ nìkan gùn ju ìsìn Lọ́ńdọ̀nù lọ. Ará Ìdànrè wá, ará Ọ̀bà-Ilé wá, wọ́n jó dé pẹpẹ, wọ́n tún jó padà sẹ́nu ọ̀nà torí ẹni tó ń ya fídíò ò tíì múra. Àwọn ìsìn kejì dúró sínú oòrùn, wọ́n ń retí. Onílù fẹ́ sinmi díẹ̀, mọ̀mí yíjú sí i:

"Ta ló ní kẹ́ ẹ dákẹ́?"