«A and B», «B and A»: nínú kóòdù, wọn kì í ṣe ọ̀kan náà

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ kóòdù, ta ló sọ fún yín pé bẹ́ ẹ bá ti fi `and` so ìbéèrè méjì pọ̀, èyí tó bá wù yín lẹ lè kọ́kọ́ kọ? Mo mọ ibi tó ti wá: kíláàsì ìṣirò. Níbẹ̀, A àti B, B àti A, bákan náà ni. Nínú kóòdù, irọ́ ni.

Ẹ wo ìlà yìí ní Python, èdè kóòdù kan:

`if oja and oja[0] == "gaari":`

`oja` ni lísìtì ohun tí èèyàn fẹ́ rà, `oja[0]` sì ni ohun àkọ́kọ́ nínú rẹ̀. Bó bá ṣófo, irọ́ ni Python ń kà á sí; apá òsì ti di irọ́ nìyẹn, Python ò sì ní dé apá ọ̀tún rárá. Kí ló fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀? Kò sóhun tí apá ọ̀tún lè wí tó máa sọ irọ́ náà di òótọ́. Ẹ wá yí i padà:

`if oja[0] == "gaari" and oja:`

Bí lísìtì bá ṣófo báyìí, `IndexError`, àṣìṣe pé ipò tí ẹ béèrè kò sí nínú lísìtì, lẹ máa bá pàdé: ó ti na ọwọ́ sínú agbọ̀n kó tó béèrè bóyá nǹkan wà níbẹ̀. Ti `or` náà ò yàtọ̀. Bí apá òsì bá ti jẹ́ òótọ́ ló ń dúró ní tiẹ̀. Short-circuit ni wọ́n ń pe ìdúró lójú ọ̀nà yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí wáyà kankan tó ń jó.

Àwọn kan á ní kí kọ̀ǹpútà lè yára ni. Ó ń yára lóòótọ́, àmọ́ òfin èdè kóòdù fúnra rẹ̀ ni. C, Java àti JavaScript fi í sínú ìlànà wọn pé òsì la ti ń bẹ̀rẹ̀. Ní Java, `&` ẹyọ kan dípò `&&` á mú kí apá méjèèjì ṣiṣẹ́.

Èmi náà ti jìyà ẹ̀. Mo kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù kan:

`if oruko_da(f) and foonu_da(f):`

`oruko_da` ń yẹ orúkọ wò, `foonu_da` ń yẹ fóònù wò, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló sì ń gbé àṣìṣe tó bá rí jáde. Ẹni tó bá ṣi orúkọ àti fóònù kọ, ti orúkọ nìkan ló máa rí. Ó tún un ṣe tán, ti fóònù tún yọjú. Oníbàárà kan pè mí: "Bọ̀dá, ṣé ẹ ò lè ka gbogbo ẹ̀ṣẹ̀ mi fún mi lẹ́ẹ̀kan náà ni?" Mo ní láti pe méjèèjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí n fi èsì wọn pamọ́, kí n tó so wọ́n pọ̀.

Ẹ má sì gbé e lọ síbi gbogbo o. `And` ti èdè Visual Basic máa ń yẹ apá méjèèjì wò. `AndAlso` ló ń dúró. SQL, èdè tí a fi ń béèrè nǹkan lọ́wọ́ àká dátà, ló wá le jù. Ìwé ìtọ́nisọ́nà PostgreSQL, ètò àká dátà kan tó ń lo SQL, sọ ọ́ gbangba pé kò sí ìdánilójú èyí tó máa ṣáájú, torí náà `WHERE iye <> 0 AND owo / iye > 50` ṣì lè fi òdo pín nǹkan mọ́ yín lọ́wọ́. `CASE` ni kẹ́ ẹ fi dè é:

`CASE WHEN iye <> 0 THEN owo / iye > 50 ELSE false END`