Yìnyín wà nílẹ̀ Adúláwọ̀, ẹ yé jiyàn

Níbi ìsọmọlórúkọ kan n'Ìjẹ̀bú-Igbó ni wọ́n tún ti gbé e dé. Ẹ̀gbọ́n kan tó kàwé dáadáa, tí gbogbo wa ń bọ̀wọ̀ fún, ló ní Ọlọ́run ti pín nǹkan tán: ó fún òyìnbó ní yìnyín, ó fún àwa ní oòrùn, kò sì sí ibì kankan nílẹ̀ Adúláwọ̀ tí omi ti lè dì fúnra rẹ̀. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ó wà o. Odò kan wà ní Uganda tó ti abẹ́ yìnyín jáde." Gbogbo abẹ́ kánópì bú sẹ́rìn-ín. Ẹnì kan tiẹ̀ ní kí wọ́n má fún mi lọ́tí mọ́.

Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Mò ń gbọ́ ọ nínú mọ́tò Ṣàgámù, mò ń gbọ́ ọ lẹ́nu tíṣà. Wọ́n á ní ìlà agbedeméjì ayé ló sún mọ́ wa, oòrùn ló wà lórí wa. Òkè Rwenzori, níbi tí odò tí mò ń sọ yìí ti ń ṣàn wá, sún mọ́ ìlà yẹn ju Ìjẹ̀bú lọ fíìfíì, ẹ jẹ́ ká gbé ìyẹn tì.

Àwa tá a dàgbà sábẹ́ páànù, ṣé yìnyín ò já lu òrùlé wa rí ni? Bí òjò àkọ́rọ̀ bá fẹ́ rọ̀, a ó kọ́kọ́ gbọ́ ọ gbà-gbà-gbà lórí páànù, àwa ọmọdé á sá síta lọ ṣà á sínú abọ́, a ó máa rún un lẹ́nu kó tó yọ́. Fíríìsà ta ló ti jábọ́? Òkè ló ti wá, níbi tí òtútù ti mú débi pé omi dì, bí oòrùn tilẹ̀ ń yan wá nísàlẹ̀. Téèyàn bá gòkè ní 1,000 mítà, ìgbóná á fi bí ìwọ̀n 6 Celsius dín kù. Ìdánrè gan-an ò ga tó 1,000 mítà, ká má tíì sọ Ìjẹ̀bú, ìdí rèé tá ò fi rí i. Ṣùgbọ́n Kilimanjaro ga ní 5,895 mítà, òkè Kẹ́ńyà ní 5,199, ṣóńṣó Rwenzori, láàárín Uganda àti Kóńgò, sì jẹ́ 5,109. Yìnyín wà lórí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Àwọn òyìnbó náà ṣe irú agídí yìí. Nígbà tí Johannes Rebmann, míṣọ́nnárì ará Jámánì, ní òun rí òjò dídì lórí Kilimanjaro ní 1848, William Desborough Cooley, onímọ̀ nípa ilẹ̀ ayé tó jókòó sí London, tí kò tẹ ibẹ̀ rí, ló ní irọ́ ni.

Èmi ti dé Rwenzori. Iṣẹ́ ló gbé mi lọ sí Kasese ní Uganda, ìlú kan lẹ́sẹ̀ òkè náà tí ooru rẹ̀ ò yàtọ̀ sí ti Ìjẹ̀bú-Òde nínú oṣù kejì. Mo bá àwọn afinimọ̀nà Bakonzo, ẹ̀yà tó ń gbé níbẹ̀, gbéra láti abúlé Nyakalengija, a ń tẹ̀ lé odò Mubuku, odò tí mo sọ fún Ẹ̀gbọ́n yẹn, gòkè. Igbó kìjikìji la kọ́kọ́ là kọjá, lẹ́yìn rẹ̀ ọparun, lẹ́yìn ọparun àwọn igi tí nǹkan funfun bí irùngbọ̀n ń rọ̀ lára wọn, ẹsẹ̀ wa sì ń rì sínú ẹrẹ̀. Lókè níbẹ̀ la ti bá ewéko tí wọ́n ń pè ní senecio, ó ga ju ènìyàn lọ. Ewé rẹ̀ tó bá kú kì í já bọ́, ara igi ló ń lẹ̀ mọ́, òun ló fi ń bora. Bí ilẹ̀ bá ṣú, ewé tútù orí rẹ̀ á pa dé, kí òtútù má baà pa èéhù tó wà láàárín. Kí ni irú ewéko bẹ́ẹ̀ ń bora sí níbi tí omi kì í ti í dì?

Nígbà tí mo jí lẹ́bàá adágún Bujuku, ẹrẹ̀ tó fẹ́ gba bàtà mi nírọ̀lẹ́ àná ti le gbagidi, ó ń fọ́ kẹ́kẹ́ lábẹ́ ẹsẹ̀ mi. Mo gbójú sókè, yìnyín rèé lórí òkè Stanley, èyí tó ga jù nínú àwọn òkè Rwenzori, etí rẹ̀ dọ̀tí níbi tó ti ń yọ́. Omi tó ń kán níbẹ̀ ń bọ́ sínú odò Bujuku, Bujuku ń wọ Mubuku, Mubuku ń lọ sí adágún George, ó di adágún Edward, ó di odò Semliki, ó di adágún Albert, títí ó fi bá Nile lọ sí Íjíbítì.

Ó dáa, mo gbà fún Ẹ̀gbọ́n níbì kan. Yìnyín kọ́ ló ń kún Mubuku. Àwọn onímọ̀ ti wọ̀n ọ́n: nígbà tí odò náà bá fi máa dé ẹsẹ̀ òkè, omi yìnyín inú rẹ̀ ò tó 2 nínú 100, ẹ̀ẹ̀rùn ni o, òjò ni o. Òjò tó ń rọ̀ sórí igbó àti àbàtà ló ń bọ́ ọ. Yìnyín náà sì ń tán lọ lóòótọ́. Nígbà tí Luigi Amedeo, ọmọọba Ítálì, gun Rwenzori ní 1906, yìnyín ibẹ̀ lé ní kìlómítà onígun mẹ́rin 6. Ní báyìí kò tó 1. Bó bá tán pátápátá, Mubuku á ṣì máa ṣàn, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní kò sí rí, ẹ má wá máa sọ pé ẹ ti wí bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀.