Kì Í Ṣe Eré Sísá Ni Ó Ń Tú Ọ̀wọ́ Oníkẹ̀kẹ́ Ká

Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti ṣètò ìgbafẹ́ orí kẹ̀kẹ́ fún ọ̀pọ̀ ènìyàn nínú ìlú ńlá rí yóò ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí, ó sì ṣeé ṣe kí òun fúnra rẹ̀ ti sọ ọ́: “Ẹ má ṣe ìyọnu, ṣe ni a ó rọra máa lọ, kò sí ẹni tí yóò kù sẹ́yìn.” Ọjọ́ pẹ́ tí èmi náà fi gbà á gbọ́. Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa rò ni pé bí ẹni iwájú kò bá ti sáré, ọ̀wọ́ kò lè já, àti pé ìrìn gbẹ̀fẹ́ kò nílò ètò ju kí á mọ ibi tí a ó ti pàdé àti ibi tí a ń lọ. Èrò yìí kò tọ̀nà, àwọn tí ó sì ń jìyà rẹ̀ gan-an ni àwọn tí a ní nítorí wọn ni a ṣe ń rọra.

Ẹ wo ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ nídìí iná tí ń darí ọkọ̀. Ká ní ènìyàn 16 ni ó tò tẹ̀lé ara wọn síbẹ̀. Bí iná bá ti fún wọn láyè, ẹni iwájú yóò gbéra lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí ó tẹ̀lé e ní láti rí i pé ó ti kúrò kí òun tó lè tẹsẹ̀ mọ́ kẹ̀kẹ́ tirẹ̀, ẹni kẹta yóò dúró de ẹnì kejì, bẹ́ẹ̀ ni yóò sì máa lọ títí dé ọ̀dọ̀ ẹni ìkẹyìn. Bí ìdádúró ẹnì kọ̀ọ̀kan kò bá tilẹ̀ ju ìṣẹ́jú-àáyá kan ṣoṣo lọ, ìṣẹ́jú-àáyá 15 yóò ti kọjá kí ẹni kẹrìndínlógún tó gbéra. Láàárín àkókò yẹn, kẹ̀kẹ́ tí ó ń rọra rin kìlómítà 15 ní wákàtí kan yóò ti rin ju mítà 60 lọ. Nígbà mìíràn, iná a tún ti pọ́n kí ó tó kan àwọn tí ó wà lẹ́yìn.

Kí ẹni ìkẹyìn tó lè bá wọn, ó di dandan kí ó yára ju ẹni iwájú lọ. Bí ó bá ń fi kìlómítà 18 ní wákàtí kan lé wọn, yóò gbà á tó ìṣẹ́jú-àáyá 75, yóò sì ti rin nǹkan bíi mítà 375 kí ó tó bá wọn. Nínú ìlú ńlá, iná mìíràn tàbí oríta mìíràn sábà máa ń dé kí ọ̀nà tó gùn tó bẹ́ẹ̀, gbogbo rẹ̀ a sì tún bẹ̀rẹ̀ láti ìpilẹ̀. Ẹni iwájú ń ṣe fàájì, ẹni ẹ̀yìn ń sá eré àsápajúdé, bẹ́ẹ̀ ọ̀nà kan náà ni wọ́n jọ ń rìn. Ẹni tí kẹ̀kẹ́ kò sì tíì mọ́ lára ni ó sábà máa ń bọ́ sẹ́yìn fúnra rẹ̀, nítorí pé kò fẹ́ dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́.

Obìnrin kan wà pẹ̀lú wa lọ́jọ́ kan tí kò ráhùn rárá. Níbi ìsinmi kejì, ó dé, ó fi ẹsẹ̀ kan tẹ ilẹ̀, ó mú ìgò omi rẹ̀, ó sì ń ṣí ìdérí rẹ̀ lọ́wọ́ nígbà tí ẹni iwájú, tí ó ti sinmi fún bí ìṣẹ́jú márùn-ún, gun kẹ̀kẹ́ tí ó ní ó yá, kí á máa lọ. Obìnrin náà dé ìgò padà láìmu omi. Èmi ni ẹni iwájú ọjọ́ náà, mo sì ti ń rò pé mo ń ṣe dáadáa nítorí pé n kò sáré.

Bí ẹ bá kó ènìyàn 16 yẹn kan náà lọ sí ojú ọ̀nà etí odò tí kò ní oríta, ẹ ó rí i pé wọ́n lè yára díẹ̀ ju ti àárín ìlú lọ kí wọ́n sì ṣì wà pọ̀, nítorí pé ohun tí ń já ọ̀wọ́ kò sí níbẹ̀. Ìdí nìyí tí ọ̀nà tí wọ́n tì pa fún ọkọ̀ fi dára púpọ̀ fún àwọn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Bogotá, olú ìlú Kòlóḿbíà, ti ń ṣe èyí láti ọdún 1974: ju kìlómítà 120 ọ̀nà lọ ni wọ́n máa ń tì pa fún ọkọ̀ níbẹ̀ ní ọjọ́ Àìkú àti ọjọ́ ìsinmi, láti aago méje òwúrọ̀ títí di aago méjì ọ̀sán. Bí irú rẹ̀ bá wà ní ìlú yín, ibẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ gbé ìrìn yín sí.

Nítorí náà, nígbà tí ẹ bá ń yan ọ̀nà, ẹ ka iye ibi tí ẹ ó ti dúró kí ẹ tó ka kìlómítà. Kìlómítà 20 tí ó ní iná mẹ́wàá rọrùn fún ọ̀wọ́ ju kìlómítà 12 tí ó ní iná 40 lọ. Ẹ gun ọ̀nà náà fúnra yín ṣáájú, ní irú ọjọ́ àti irú àkókò kan náà, nítorí pé oríta tí ó dákẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú lè di ogun ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì. Ẹ yẹra, bí ó bá ṣeé ṣe, fún yíyà tí ó máa ń gba iwájú ọkọ̀ tí ń bọ̀ kọjá, nítorí pé níbẹ̀ ni ọ̀wọ́ ti máa ń pín sí méjì jù.

Lójú ọ̀nà, ẹni méjì ni iṣẹ́ wà lọ́rùn wọn. Bí ẹ bá ti kọjá iná, kí ẹni iwájú má ṣe tíì tẹsẹ̀ mọ́ ọn títí tí ẹni tí ń kẹ́yìn yóò fi nawọ́ sókè pé gbogbo ènìyàn ti kọjá. Ẹni tí ń kẹ́yìn yìí gbọ́dọ̀ mọ ọ̀nà bí ẹni mowó, kí ó lágbára, kí ó sì ní pọ́ǹpù àti tíúbù lọ́wọ́. Àṣìṣe gbáà ni láti fi gbogbo àwọn tí ó lágbára síwájú. Níbi tí ẹ bá ti fẹ́ yà, kí ẹni tí ó tẹ̀lé ẹni iwájú dúró sí igun, kí ó máa fi ọwọ́ júwe ọ̀nà títí ẹni tí ń kẹ́yìn yóò fi dé, kí ó tó padà bọ́ sínú ọ̀wọ́.

Bí ẹ bá pọ̀, ẹ pín ara yín. Nínú ọ̀wọ́ ènìyàn mẹ́jọ, ìṣẹ́jú-àáyá méje péré ni ẹni ìkẹyìn yóò fi pẹ́, àlàfo tí yóò sì ṣí sílẹ̀ kò ní tó mítà 30. Rírìn ní méjìméjì náà ń gé ìlà kúrú, ní ibi tí òfin bá ti gbà á. Ọ̀pọ̀ rò pé ìlà kan ṣoṣo ni ààbò nígbà gbogbo, ṣùgbọ́n ìwé òfin ojú pópó ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nínú àtúnṣe ọdún 2022, sọ pé ó lè ní ààbò jù kí á rìn ní méjìméjì, pàápàá bí ènìyàn bá pọ̀ tàbí bí ọmọdé àti ẹni tí kò tíì mọ̀ ọ́n gùn dáadáa bá wà láàárín wọn. Ó sì ní kí wọ́n ṣí ọ̀nà fún ọkọ̀ tí ó fẹ́ kọjá nígbà tí kò bá léwu.

Ẹ sọ òótọ́ nípa àkókò pẹ̀lú. Kìlómítà 20, bí ẹ bá ń rin 15 ní wákàtí kan, dà bí ìrìn wákàtí kan àti ogún ìṣẹ́jú. Ẹ fi ìdúró 25 kún un, ìṣẹ́jú kan fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ fi ìsinmi méjì kún un ní ìṣẹ́jú 15 lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ti di wákàtí méjì àti ìṣẹ́jú 15. Ẹni tí ẹ bá sọ ìyẹn fún kò ní máa wo aago, ẹ̀yin náà kò sì ní gé ìsinmi kúrú láti lé àkókò bá. Ní tèmi, n kì í bẹ̀rẹ̀ sí ka ìṣẹ́jú ìsinmi mọ́ títí ẹni ìkẹyìn yóò fi sọ̀kalẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́ rẹ̀, tí yóò sì ti mu omi.