Nẹ́tíwọ̀kì Kún Fóònù, Ímeèlì Ò Lọ

Ẹ jókòó sí bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà kan ní Òkè-Ògùn fún ọjọ́ kan péré, ìbáà ṣe Ìgbòho, Kíṣí tàbí Ìgbẹ́tì, ẹ ó gbọ́ ọ. Oníbàárà á na fóònù sí yín lójú: "Bọ̀dá, ẹ wò ó, nẹ́tíwọ̀kì kún, gbogbo ìlà ló gòkè, ímeèlì yìí ò sì lọ láti àárọ̀. Dátà mi ni wọ́n kàn ń jẹ." Àwọn tó ń dúró de fọ́tókọ́pì lẹ́yìn rẹ̀ á kín in lẹ́yìn. Kì í pẹ́ tí ẹnìkan á fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣépè.

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn gbà ni pé àwọn ìlà kéékèèké òkè fóònù yẹn ni òṣùwọ̀n íntánẹ́ẹ̀tì. Bí wọ́n bá kún, ó gbọ́dọ̀ yá. Bí wọ́n bá kún tí kò yá, a jẹ́ pé wọ́n ń rẹ́ wa jẹ nìyẹn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ni ìlà yẹn ń wọ̀n, ìyẹn bí fóònù yín ṣe ń gbọ́ ohùn máàsì, òpó gíga tó ń gbé nẹ́tíwọ̀kì, tó. Kò mọ iye èèyàn tó ń du máàsì náà mọ́ yín lọ́wọ́. Kò mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn máàsì. Kò tilẹ̀ mọ̀ bóyá máàsì ń gbọ́ èsì tí fóònù ń fọ̀.

Nọ́ńbà gidi kan wà lábẹ́ ìlà náà tí wọ́n ń pè ní dBm, àmì ìyọkúrò sì máa ń wà níwájú rẹ̀. Lórí ọ̀pọ̀ Android, ẹ wọ Settings, lẹ́yìn náà About phone, kí ẹ wá SIM status, ẹ ó bá a níbẹ̀. Lórí 4G, -85 dára púpọ̀, -100 ṣeé fara dà, bó bá ti di -115, ẹ tètè wá ibòmíràn dúró sí. Ilé iṣẹ́ tó ṣe fóònù ló ń pinnu fúnra rẹ̀ pé nọ́ńbà báyìí ni òun máa pè ní ìlà mẹ́ta, báyìí sì ni mẹ́rin. Kò sí ìlànà kan tó so gbogbo wọn pọ̀. Nígbà tí ariwo gba ayé kan pé ìlà iPhone 4 ń já wálẹ̀ bí èèyàn bá dì í mú, ní oṣù Agẹmọ ọdún 2010, Apple fúnra rẹ̀ kọ lẹ́tà síta pé ìṣirò tí àwọn fi ń ya ìlà náà kò tọ́ rárá, pé lọ́pọ̀ ìgbà ó máa ń fi ìlà méjì lé èyí tó yẹ kó hàn. Android náà ní ibì kan nínú kóòdù rẹ̀ tí ilé iṣẹ́ nẹ́tíwọ̀kì fi lè ní kí fóònù bu ìlà kan sí i. Abájọ tí fóònù méjì á fi wà lórí tábìlì kan náà, tí síìmù inú wọn á jẹ́ ti ilé iṣẹ́ kan náà, tí ọ̀kan á sì ní ìlà méjì tí èkejì á ní mẹ́rin. Àwọn olówó fóònù á wá máa yangàn pé tàwọn ló ń fa nẹ́tíwọ̀kì.

Ọ̀rọ̀ èsì tí fóònù ń fọ̀ yẹn ló ń dun ará ìgbèríko jù, ẹ jẹ́ ká dúró síbẹ̀ díẹ̀. Ẹ wo mọ́sálásí àárín ìlú. Ládàánì gbé gbohùngbohùn sórí òrùlé, ẹ sì ń gbọ́ ọ kedere láti oko ẹ̀yìn odò. Ẹ wá dáhùn láti inú oko yẹn, ta ni yóò gbọ́? Máàsì 4G ń fi ogún wọ́ọ̀tì, ogójì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sọ̀rọ̀. Fóònù tó wà lọ́wọ́ yín kì í sábà kọjá ìdá kan nínú márùn-ún wọ́ọ̀tì kan ṣoṣo. Lóòótọ́, etí máàsì mú ju ti fóònù lọ, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ ni, àmọ́ ibi tí ọ̀nà bá ti jìn, mímú etí náà níbi tó mọ. Ní Èkó, máàsì wà ní ẹ̀yìn ilé, kò sì fi bẹ́ẹ̀ hàn. Lọ́dọ̀ tiwa, máàsì kan lè máa sin odidi ìlú pẹ̀lú gbogbo abúlé tó yí i ká. Ìdí nìyẹn tí fídíò ẹlẹ́yà á fi máa wọlé wọ̀ọ̀rọ̀wọ̀, tí sẹ́tífíkéètì kan ṣoṣo kò sì ní jáde. Gbígbà lọ̀tọ̀, fífi ránṣẹ́ lọ̀tọ̀, apá kan ṣoṣo sì ni ìlà òkè fóònù ń sọ fún yín.

Ká ní máàsì gbọ́ yín yékéyéké, níbo ló ń gbé ọ̀rọ̀ náà lọ? Máàsì kì í ṣe íntánẹ́ẹ̀tì. Ọ̀pọ̀ máàsì ìgbèríko ni kò ní fáíbà, wáyà onígíláàsì tó ń gbé íntánẹ́ẹ̀tì, ní ìdí rẹ̀. Àwọn abọ́ ńlá roboto tí ẹ ń rí lára rẹ̀ ló fi ń ju ọ̀rọ̀ sí máàsì mìíràn, ìyẹn náà á jù ú síwájú, títí tó fi máa dé ibi tí fáíbà ti gbà á, tí fáíbà á gbé e dé Èkó, níbi tí àwọn wáyà abẹ́ òkun ti gòkè. Bí katakata àwọn tó ń ṣe títì bá gé fáíbà lójú ọ̀nà, ọ̀nà tóóró kan ni wọ́n á kó gbogbo èrò gbà. Bí ọjà bá pé, tí gbogbo ìlú jọ ṣí fóònù, abọ́ kan ṣoṣo náà ni gbogbo wọn ń du. Máàsì tiyín á ṣì máa pariwo ní tirẹ̀. Ìlà á ṣì kún.

Ẹni tó bá ń jiyàn, kó rántí 14 oṣù Ẹrẹ́nà ọdún 2024. Wáyà òkun mẹ́rin, WACS, MainOne, ACE àti SAT-3, ló bàjẹ́ papọ̀ nítòsí Abidjan ní Côte d'Ivoire. Áàpù báńkì dákẹ́, ọ́fíìsì ńláńlá ń wojú ara wọn. Ní Èkó, níbi tí máàsì pọ̀ bí ilé oúnjẹ, ìlà kún lórí fóònù, íntánẹ́ẹ̀tì ń wọ́ tàbí kó má lọ rárá. Lọ́jọ́ yẹn, Èkó tọ́ ohun tí Òkè-Ògùn ń jẹ lójoojúmọ́ wò.

Bí ẹ bá fẹ́ wo nǹkan kan lókè fóònù, ẹ wo lẹ́tà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà. E túmọ̀ sí 2G, H jẹ́ ti 3G. Ọ̀pọ̀ 2G wa ń gba orí 900 MHz, èyí tó máa ń rìn jìnnà tó sì máa ń wọ inú ilé dáadáa, nítorí náà ó máa ń kún ní abúlé. Ó kún, àmọ́ ìbú rẹ̀ kò tó nǹkan. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Fọ́tò sẹ́tífíkéètì tí fóònù yà lè tó 3MB. Kí ímeèlì tó gbé e, ó máa ń yí fáìlì padà sí lẹ́tà àti nọ́ńbà, ìyẹn sì ń fi nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta kún un, 3MB á di 4MB, ìyẹn nǹkan bíi kílóbíìtì 32,000. Ká ní E yín ń gbé kílóbíìtì 100 jáde ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ó máa gbà ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ láìsí ìdádúró kankan. Fọ́tò kan ṣoṣo ni mo wí o. Tíṣà tó fẹ́ fi díńgírì, sẹ́tífíkéètì NYSC, ìwé ìbí àti lẹ́tà ìwáṣẹ́ ránṣẹ́ pa pọ̀, ẹ fọkàn yàwòrán rẹ̀.

Níbẹ̀ gan-an ni "wọ́n ń jẹ dátà mi" ti wá. Bí ìlà bá já nígbà tí fáìlì ti lọ dé ìdajì, ímeèlì kì í bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó dé. Láti ìbẹ̀rẹ̀ pátápátá ló máa tún gbé e. Fóònù á kọ "Queued", ìyẹn pé lẹ́tà ṣì ń dúró, á dúró díẹ̀, á tún gbìyànjú, á tún já. Gbogbo ìdajì tó lọ tó sì ṣègbé yẹn ni wọ́n kà mọ́ dátà yín, torí ó gba orí máàsì kọjá lóòótọ́. Mi ò sọ pé ẹnikẹ́ni ò rẹ́ni jẹ rí nínú òwò yìí. Mo ní kí ẹ ṣí Outbox, ibi tí lẹ́tà tí kò tíì lọ máa ń wà, ná, kí ẹ wo ohun tó há síbẹ̀ láti àná.

Àwọn kan á ní ìdí nìyẹn tí àwọn kì í fi í lo ímeèlì ní abúlé, pé WhatsApp ló lágbára. Kì í ṣe agbára ni púpọ̀ nínú rẹ̀. Ó ń fún fọ́tò pọ̀ di kékeré kó tó gbé e ni. Ẹ fi fọ́tò náà ránṣẹ́ bíi "document" lórí WhatsApp kan náà, ẹ ó rí i bó ṣe lè há. Ímeèlì gan-an, ayé tí ìlà ń já ni wọ́n ṣe é fún. Ìlànà SMTP tó ń gbé e ti wà láti 1982, nígbà tí kọ̀ǹpútà kì í wà lórí ìlà ní gbogbo ìgbà. Bí lẹ́tà bá ti kúrò nínú Outbox yín, ọ̀rọ̀ máàsì abúlé ti parí nínú rẹ̀. Bí sáfà, kọ̀ǹpútà tó ń gba lẹ́tà tó sì ń pín in, kò bá rí ti ẹni tí ẹ kọ ọ́ sí, ó máa tọ́jú rẹ̀, á máa padà gbìyànjú, ìlànà sì ní kó má tètè jáwọ́ kó tó pé ọjọ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún. Èyí tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí ẹ̀yin náà ń dúró dè yín lórí sáfà, bí fóònù kú fún ọ̀sẹ̀ kan. Ní àárín àwọn ọdún 1990, ìlà tẹlifóònù lásán ni Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ fi ń gba ímeèlì, pẹ̀lú ìrànwọ́ ICTP, ilé ìwádìí físíìsì àgbáyé tó wà ní Trieste ní Ítálì. Ìlà yẹn kò tó E tí à ń bú lónìí.

Ti gígun àpáta ńkọ́? Ó ń ṣiṣẹ́ nígbà mìíràn. Bó bá jẹ́ pé dBm ló burú, gíga máa ń tún un ṣe, ó sì ń ran máàsì lọ́wọ́ láti gbọ́ yín. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé èrò ló pọ̀ tàbí pé ọ̀nà ẹ̀yìn máàsì ló fún, ẹ lè gun Òkè Ìyámọ̀pó ní Ìgbẹ́tì dé góńgó, ohun tí ẹ bá nísàlẹ̀ lẹ ó bá lókè. Nígbà mìíràn ó tilẹ̀ ń burú sí i, torí fóònù á máa gbọ́ ohùn máàsì púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ariwo ọ̀kan á sì máa bo ti èkejì.

Ohun tí mo máa ń sọ fún oníbàárà kò pọ̀. Fi fọ́tò náà ránṣẹ́ sí ara rẹ lórí WhatsApp, kó bá ẹ fún un, kó o wá so èyí tó ti kéré mọ́ ímeèlì, tí o bá ti rí i pé ó ṣì ṣeé kà. Má kó fáìlì mẹ́rin sínú lẹ́tà kan, pín wọn. Bí fáìlì bá tóbi tí kò ṣeé fún, gbé e sórí Google Drive kó o fi línkì rẹ̀ ránṣẹ́, torí Drive lè bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó dé bí ìlà bá já. Bí 4G bá ń yí lásán lọ́sàn-án, yí fóònù sí 3G wò, ibẹ̀ lè má lérò. Tàbí kó o dúró dìgbà tí ìlú bá sùn. Àwọn kan kì í fẹ́ gbọ́ èyí, wọ́n á ní ọ̀la ni wọ́n fẹ́ ti pọ́táàlì ìwáṣẹ́ náà.

Bó bá wá di ọ̀rọ̀ ẹjọ́, ilé iṣẹ́ tó ni síìmù ni kí ẹ kọ́kọ́ pè. Bí wọn ò bá dá yín lóhùn, NCC, àjọ ìjọba tó ń ṣàkóso àwọn ilé iṣẹ́ nẹ́tíwọ̀kì, ní nọ́ńbà ọ̀fẹ́, 622. Kí ẹ tó pè, ẹ kọ orúkọ àdúgbò, ọjọ́, aago, lẹ́tà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà àti dBm rẹ̀ sílẹ̀: "Ọjà Ìgbòho, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, 4G, -84, fáìlì 1MB kò jáde." Pẹ̀lú -84 yẹn, wọn ò lè sọ fún yín pé ẹ jìnnà sí máàsì.